Ọmọ Odó Tí A Gbàgbé Nígbà Tí À Ń Lọ sí Ìkògòsì

Ẹ̀yin ará ilé ní Ìṣẹ́yìn, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ni mo rí ní Èkìtì tí mi ò fi fẹ́ padà wálé mọ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń ṣe káfíńtà ní Adó-Èkìtì. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ Bọ́lá, tíṣà ni, ibẹ̀ náà la sì bí ọmọ méjèèjì sí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ Sátidé kan fún yín, bóyá ẹ óò dá mi láre.

Ọ̀rọ̀ Àánú, àkọ́bí wa, ló gbé wa dé ọ̀nà. Ọmọ ọdún méje ni. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àmọ́ tó bá ti rí àlejò, ilẹ̀ ló máa ń wò. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ní sáà yìí, òun ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kálukú máa dìde sọ̀rọ̀ nípa ibi tó ti lọ rí. Àánú sunkún. Ó ní, "Dádì, kò síbi tí mo lọ rí. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó dùn mí wọra. Mo ní tó bá jẹ́ ibi tó máa sọ ló ń wá, a ó wá ibẹ̀ lọ.

Mọ́ọ̀mi, ìyá Bọ́lá, ti wá láti Ìjàn ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń rìnrìn àjò á di ẹ̀kọ àti àkàrà, ó parí. Mo ní ká kúkú ra búrẹ́dì. Mọ́ọ̀mi wò mí bí ẹni tó bú bàbá rẹ̀.

"Búrẹ́dì? Ká gbé ọmọ lọ sọ́nà jíjìn, kó máa jẹ búrẹ́dì?"

Mo ní tó bá jẹ́ iyán ni, ká gún un nílé, ká gbé e sínú kúlà.

"Uyán kì í gun mọ́tò," ni Mọ́ọ̀mi wí. Uyán ni àwọn ará ibí ń pe iyán, ulé ni wọ́n ń pe ilé. "Ibi tá a bá ti fẹ́ jẹ ẹ́ la ti ń gún un. Ulé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Bí odó ṣe wọ búùtù nìyẹn, pẹ̀lú iṣu, gáàsì kékeré, ìkòkò àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tá a fi kọjá Ọjà Ọba, àwọn oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹrù wọn sílẹ̀.

Ní Ìyìn, òkúta ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Abánijọrìn, nítorí bí o ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, ńṣe ló máa ń jọ pé òun náà ń bá ọ lọ. Ayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló kọ́kọ́ pariwo.

"Ó ń bọ̀! Dádì, ẹ sáré!"

Mo sáré díẹ̀. "Ó ṣì ń bọ̀!" Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ojú ṣe ń tan ènìyàn jẹ, Mọ́ọ̀mi ní kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ jàre. Inú mi dùn. Mo ní, "Àánú, o ti rí nǹkan sọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín." Mo bá gbájú mọ́ ọ̀nà.

Ní Arámọ̀kọ, a dúró ra bọ̀ọ̀lì, mẹ́ta fún ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó gbóná, ó sì dùn. Mọ́ọ̀mi ṣí búùtù láti wò ó bóyá ọbẹ̀ ti dà.

"Ọmọ odó dà?"

Bọ́lá wò mí. Èmi náà wo Bọ́lá. Ìgbà náà ni mo rántí. Mo ti rí i lálẹ́ àná pé orí ọmọ odó ti sán, káfíńtà tó mọṣẹ́ sì ni mí, mo bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fá a, mo fi sánpépà ha á títí tó fi ń dán, mo wá fi í ti ògiri níbẹ̀. Mọ́ọ̀mi ò bú mi. Ó kàn pa búùtù dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí sì burú ju èébú lọ.

A gba Èrìjìyàn dé Ìkògòsì. A sanwó lẹ́nu ọ̀nà, a sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àwọn igi ńláńlá. Ẹ̀yin ará ilé, mo rí i pẹ̀lú ojú mi: omi gbígbóná ń ti apá kan wá, omi tútù ń ti apá kejì wá, wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ayọ̀ ń wá ẹni tó dáná sí i kiri. Mọ́ọ̀mi ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bọ inú èyí tó gbóná, ó di ojú. "Ó ti dé orúnkún mi," ó ní. Àánú ti ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, ó ti ìkejì bọ tútù, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

Nígbà tí ebi dé, a jáde padà sí ìgboro. Ìyá kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ tọrọ ọmọ odó, àmọ́ Mọ́ọ̀mi dì mí láṣọ mú.

"Ọkùnrin wo ló ń yá ọmọ odó kiri ní ulé onílé? Ọmọdé là ń rán. Àánú, lọ kúnlẹ̀, kí wọn, sọ ohun tá a fẹ́. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà."

Bọ́lá fẹ́ tẹ̀ lé e, Mọ́ọ̀mi ní rárá.

Láti inú mọ́tò, à ń wò ó. Ó kúnlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá náà fi ọwọ́ sétí. "Kí lo wí, ọmọ mi?" Mo ń gbàdúrà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò yunifásítì.

Àánú bá pariwo tó fi jẹ́ pé gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ẹ kú ulé o, Mọ́ọ̀mi! A gbé odó wá láti Adó, àmọ́ Dádì mi gbàgbé ọmọ odó!"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó pe aládùúgbò. "Ẹ wá gbọ́! Ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbé odó wọ mọ́tò!" Ó bi í pé ibo ni bàbá rẹ̀ ti wá.

"Ìṣẹ́yìn ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ará ibí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ojú ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Àánú wò wọ́n, òun náà bá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ odó mi kì í jáde nínú ulé yìí," ìyá náà ní. "Ẹ gbé odó yín wá." Iwájú ilé rẹ̀ la ti se iṣu, òun àti Mọ́ọ̀mi ń gba ọmọ odó lọ́wọ́ ara wọn gún un. Òkèlè àkọ́kọ́, ti ìyá náà ni, ó sì fi ẹja gbígbẹ kún ọbẹ̀ wa. Mi ò tíì jẹ iyán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Búrẹ́dì ì bá ti fi gbogbo èyí dù wá.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Adó. Ọmọ odó ṣì wà níbi tí mo fi í sí, ó ń dán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí Àánú dé, mo bi í bóyá ó sọ̀rọ̀, bóyá òkúta ló sọ tàbí omi.

"Mo ní Dádì mi gbàgbé ọmọ odó."

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Tíṣà ní kí n tún un sọ."

Èmi tí mo rò pé ibi tó máa sọ ni ọmọ mi ń wá! Mo bi í pé kí ló wá ṣe.

"Mo tún un sọ," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."