Ẹ̀yìn Ilé Kóòṣì

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ò tíì dàgbà, fèrè kan máa ń wà lọ́rùn kóòṣì tó ń kọ́ wa ní básíkẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Abẹ́òkúta. Ìgbà tí a bá ń lọ ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n nìkan ló máa ń fọn ọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ alátakò, á ṣí fìlà, á máa fi fẹ́ ara rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ju tiwọn,” á ní. “Ẹ̀yin ẹ ṣáà ju tiyín.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, a ju bọ́ọ̀lù wọlé bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wa pàdé ló nà wá. Inú kóòṣì ṣáà dùn sí iye tí a jù wọlé, ó ní ká wá jẹun nílé òun l'Adigbe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun iwájú ilé náà lọ́dà, ó ń dán. A ṣì ń yìn ín lọ́wọ́ nígbà tí ariwo sọ lẹ́yìnkùlé: ewúrẹ́ aládùúgbò ti ń jẹ láfún tí ìyàwó kóòṣì sá sóòrùn.

“Kóòṣì, ẹ ò ṣe ṣe ọgbà sẹ́yìn?” ni kápútẹ́ẹ̀nì wa bi í.

“Ta ló ń wo ẹ̀yìn ilé?”

Ìyàwó rẹ̀ jáde sí wa pẹ̀lú àtẹ òfìfo.

“Ewúrẹ́ ni,” ló wí.