Mo Gbé Táyà Tó Ti Jẹ Lọ Bá Bàbá Ràbíátù

Ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí mo kúrò ní Savelugu, ìlú tí à ń gbé nílẹ̀ Dagomba níbí, lọ́jọ́ tí mo lọ pààrọ̀ táyà àti wíìlì kẹ̀kẹ́ mi ní Tàmálè. Ẹ má rò pé mo gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún o. Mò ń tì í ni. Táyà ẹ̀yìn ti jẹ títí ó fi la ẹnu, mo ki koríko sínú rẹ̀, mo fi okùn dì í bí ẹni di ẹsẹ̀ tó kán. Wíìlì méjèèjì sì ti wọ́.

Ìrìn náà tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà pupa ni, igi òrí lọ́tùn-ún, igi irú lósì, ọyẹ́ sì ń da eruku sí mi lójú. Ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé, mo ní láti dúró, kí n bẹ̀rẹ̀, kí n ní "Dasiba," ìyẹn ẹ káàárọ̀ lédè Dagomba, òun náà á ní "Naa." Nílé wa, ẹni tó ń kánjú lè kí èèyàn kó máa lọ. Níbí, kò sí ìkánjú tó tó bẹ́ẹ̀. Lábúlé kan mo fi kọ́bọ̀ kan ra kókó àti kóósè, ìyẹn ògì jéró gbígbóná àti àkàrà. Atalẹ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún.

Ṣùgbọ́n ìrìn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fẹ́ Ràbíátù. Bàbá rẹ̀, tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò Tishigu ní Tàmálè, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bá ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń ṣòwò sọ ni pé ẹni tí kò lè tọ́jú ohun ìní rẹ̀ kò lè tọ́jú ọmọ òun. Èmi ni mo wá fẹ́ ti irú kẹ̀kẹ́ yìí lọ síwájú rẹ̀! Nítorí náà, nígbà tí mo dé Tàmálè, ọjà Aboabo ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo yí ọjà náà po. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní táyà, tirẹ̀ sì kéré sí wíìlì mi. Omi tán lẹ́yìn ẹja. Mo forí lé Tishigu.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá kò wò mí, kẹ̀kẹ́ ló ń wò.

"Haba! Ọwọ́ mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ra táyà yìí lẹ́yìn ààwẹ̀. Àwọn tó ń fi irú rẹ̀ kó iyọ̀ lọ sí Savelugu ń lò ó fún ọdún méjì. Kí lo fi tìrẹ ṣe?"

Irọ́ méjì ti dé ẹnu mi. Mo gbé méjèèjì mì.

"Ọjọ́ ọjà ni mo máa ń wá kó ẹrù, Bàbá. Àwọn ọjọ́ yòókù, mo kàn ń gba iwájú ilé yín kọjá ni, kí n tó padà."

"Láti Savelugu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ṣéènì, epo wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ ra sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tó dípẹtà. Lẹ́yìn náà ló pe owó wíìlì, táyà àti tíúbù, méjì méjì: ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo san án wéré. Ta ló ń ná ọjà lọ́wọ́ àna?

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò wọ́n. Bó ti ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ ló ní, "Tò. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá rí mi ní Jímọ̀. Táyà ti wọ́n ju kí o máa fi kọjá lásán lọ."

Ẹ ò lè mọ bí ara ṣe tù mí tó! Ọ̀nà tó gba odindi òwúrọ̀ lọ́wọ́ mi, mo ti gùn ún tán kí wọ́n tó pe ìrun alásàárì. Òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ọdún kan ni mo fi ń sá fún ọkùnrin tí òótọ́ gbólóhùn kan tó fún.

Mo dé Savelugu, mo jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò tilẹ̀ wo táyà náà.

"Jímọ̀ wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí."

Ó dìde, ó wọlé lọ wá agbádá rẹ̀.