Ṣóńṣó Ìwọ̀ Bàbá Mi

Ìwọ̀ tí bàbá mi fi ń pẹja kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Òwú ni wọ́n máa ń wé mọ́ ọn lára títí yóò fi jọ kòkòrò tó já sómi, nítorí pé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ inú odò ẹ̀yìn Odigbo kì í ka ekòló sí nígbà tí kòkòrò bá ń fò lójú omi. Òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀ igbó nígbà èwe Bàbá ló kọ́ wọn. N kò mọ ẹlòmíràn tó ń ṣe é lágbègbè wa.

Nígbà tí ojú wọn ń di bàìbàì, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn wé e, nítorí pé télọ̀ ni mí ní Ore, òwú kì í wọ́n mi. Mo mú ọmọbìnrin mi dání. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

“Ẹ kọ́kọ́ tú ìlọ́ òwú náà, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ,” ni Bàbá wí. Òwú tó bá lọ́ máa ń mú kí ara ìwọ̀ wú. Láti ẹ̀yìn ojú ìwọ̀, ihò tí a ń so okùn mọ́, a ó wé e ní ìyí mẹ́sàn-án, kí ọ̀kan fara kan èkejì láì gùn ún. A ó dúró kí a tó dé ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀. A ó wé e padà ní ìyí méje, a ó ta kókó, a ó sì kán ọ̀dà èékánná sí i.

Ìyí mẹ́tàlá ni mo wé tèmi. Bàbá fọwọ́ kàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Télọ̀, ṣé agbádá lo rán fún eèrà yìí?”

“Bàbá àgbà, Mọ́mì ò fẹ́ kí òtútù mú un ni,” ni ọmọ mi dáhùn.

Tirẹ̀ rí fẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń wé e fún wọn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ìwọ̀ gún ọmọ náà ní àtàǹpàkò, ó wọlé ṣinṣin. Nọ́ọ̀sì ló yọ ọ́. Èmi ni mo sunkún jù. Mo ti kìlọ̀ fún un títí pé kò gbọdọ̀ dé odò. N kò mọ̀ pé inú ilé ni ewu náà wà. Lọ́jọ́ kejì, mo kó agolo ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi fáìlì tí mo fi ń pọ́n sísọ́ọ̀sì rẹ́ ṣóńṣó gbogbo wọn, mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n má lè gún un mọ́, mo sì dá agolo náà padà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé Bàbá ní tiwọn lọ́tọ̀.

Wọn kò ní. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni wọ́n lọ sódò, tí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo.

“Àwọn ẹja ń gbé e,” ni wọ́n wí. “Tí mo bá fà á báyìí, wọ́n á bọ́. Ọwọ́ mi ló ti kú.”

Àdá oko kòkó ti sọ ìka wọn di líle. Wọn kò lè mọ̀ bóyá ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mú tàbí kò mú. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo rántí òkúta odò tó ń yọ̀, mo rántí ojú wọn tó ti di bàìbàì, mo sì gbé e mì. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

“Ẹ sinmi, Bàbá,” ni mo wí.

Wọ́n fi ọ̀pá ìpẹja há àjà. Iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí láti ìgbà náà, títí wọ́n fi kú ní òjò ọdún kejì.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi, tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ń wá abẹ́rẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ mi, ó sì rí agolo ìwọ̀ náà tí mo fi pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú Bàbá. Ó fi ìwọ̀ kan tẹ àtàǹpàkò rẹ̀.

“Mọ́mì, kò gún mi.” Ó mú òmíràn. “Èyí náà ò mú.”

Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ṣé Bàbá àgbà mọ̀?”

“Rárá.”

“Èmi náà ò mọ̀. Mo rò pé mo wé e sanra jù ni ẹja fi ń bọ́.”

Ó gbé ìwọ̀ kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó ka ìyí òwú tó wà lókè. Méje ni, ó pé. Ó pa agolo náà dé, kò sì dá a padà sínú dúrọ́ọ̀ mi. Inú báàgì tirẹ̀ ló kó o sí.