Orúkọ Tí Ìyá Ráfíù Ò Lè Pè ní Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

Ó ku bíi ogún ìgbésẹ̀ kí Ìyá Ráfíù dé ìdí ọkọ̀ òfurufú nígbà tí ẹnu ẹ̀ pa mọ́ pátápátá. Òyìnbó tó ń yẹ ìwé wò gbójú sókè, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì: kí lorúkọ ẹni tó ń lọ bá ní Àbíjàn? Ìyá Ráfíù wolẹ̀. Èmi tí mo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù ẹ̀, èmi tí mo ti fọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo ará ilé búrẹ́dì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè dá a padà, mo dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi dínà, mò ń wò ó.

Dàúdà lorúkọ mi, ọmọ Agége. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Tíṣà sọ fún bàbá mi pé ojú fèrèsé ni mo máa ń wò, mi kì í wo pátákó. Kò parọ́. Orí ilé ìwé wa gan-an ni ọkọ̀ òfurufú máa ń gbà tó bá fẹ́ balẹ̀ sí Ìkẹjà, ta ló máa wá fi ìyẹn sílẹ̀ tá máa wo ìṣirò? Mo mọ ìgbà tí kálukú wọn ń dé. Ariwo ẹ̀ nìkan ni mo nílò, màá ti sọ bó ṣe tóbi tó.

Ọdún tí Ọbabìnrin ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá ni mo ríṣẹ́ sí ìdí pápá ọkọ̀ òfurufú náà. Èmi wà lára àwọn tó gbá ọ̀nà tó gbà kọjá, ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ bi wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ọ̀gá Ṣóbándé gbà mí. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ní ọ́fíìsì kékeré kan tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n ti ń bá àwọn tó fẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè to ìwé wọn. Màsínjà ni wọ́n gbà mí fún. Kó tó di oṣù mẹ́ta, èmi náà ti ń kọ fọ́ọ̀mù, nítorí mo yára, ọwọ́ mi sì dáa.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Páásípọ́ọ̀tù nìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ọmọ àwọn ni yín. Fisà ni òǹtẹ̀ tí àwọn ará ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ máa lù sínú ẹ̀, pé àwọn ti gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀, àwọn sì gbà. Tó bá jẹ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ń lọ, abẹ́ wọn la ṣáà wà, kò gba fisà. Àmọ́ Faransé ló ni Àbíjàn, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á. Tó bá jẹ́ ẹ kàn fẹ́ ṣàbẹ̀wò ni, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa fún yín. Ẹ máa mú tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ dání, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ máa mú lẹ́tà ẹni tó máa gbà yín sílé. Ẹ máa ya fọ́tò tí etí yín méjèèjì hàn nínú ẹ̀. Ẹ sì máa gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, káàdì ẹ̀ kò sì níṣẹ́ àfi tó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ gbà á.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ló ń dùn wọ́n jù. Alhájì kan gba tiẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fẹ́ wọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní, "Alhájì, kò tíì pé." Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tèmi máa ń yára." Mo ní kó lọ sọ fún òyìnbó. Ó lọ sọ ọ́ lóòótọ́. Ilé ni wọ́n dá a padà sí, tòun ti ẹ̀jẹ̀ tó ń yára.

Gbogbo òfin wọ̀nyí, mo lè kà á bí ẹni ń ka àwẹ́ obì. Ibi tí mo rìn dé jù láyé mi sì ni Abẹ́òkúta, rélùwéè ló gbé mi lọ. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tèmi náà o. Abẹ́ àpótí aṣọ mi ló wà. Orúkọ mi, ọjọ́ orí mi, iṣẹ́ mi, gbogbo ẹ̀ ti pé, ó ku ìlà kan: ẹni tí ò ń lọ bá. Mi ò lẹ́nì kankan lókè òkun. Mo máa ń yọ ọ́ jáde, màá wo ìlà yẹn, màá tún kì í bọ abẹ́ àpótí.

Ohun kan ló ń bí mi nínú lára Ọ̀gá Ṣóbándé. Tí oníbàárà bá jókòó, tí gbogbo ìwé ẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n á ṣì máa bi í ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí lorúkọ yín? Níbo ni wọ́n bí yín? Ta lẹ̀ ń lọ bá? Bó bá jẹ́ pé ó wà nínú lẹ́tà ńkọ́? Wọ́n á bi í. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà dà á kọ." Wọ́n ní, "Dàúdà, kì í ṣe ìwé ni wọ́n máa bi léèrè níbodè. Ẹni tó ni ín ni." Èmi ń kọ fọ́ọ̀mù mẹ́ta kí tiwọn tó pé ẹyọ kan. Mo ní ara àgbà ló ń ṣe wọ́n.

Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí Ìyá Ráfíù dé. Ilé búrẹ́dì kan lẹ́yìn ìdíkọ̀ rélùwéè Agége ló ti ń po ìyẹ̀fun, apá ẹ̀ le bí apá ọkùnrin, ìyẹ̀fun sì wà létí aṣọ ẹ̀ títí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ ẹ̀ ti ṣòwò lọ sí Àbíjàn láti bí ọdún méje, nígbà tí Ráfíù ṣì wà lẹ́nu ọmú. Lẹ́tà ń dé, aṣọ ń dé, ọkùnrin náà ò dé. Ráfíù ti wá ń lọ ilé ìwé báyìí, ó sì ń bi ìyá ẹ̀ pé ṣé bàbá òun ga.

"Mo fẹ́ lọ wò wọ́n," ló sọ fún mi. "Kí n rí wọn, kí n padà wá sídìí iṣẹ́ mi."

Mo gba lẹ́tà ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mo dà á kọ sórí fọ́ọ̀mù, Lásísì Àjàgbé, àdúgbò ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀pà ọwọ́ kan ni obìnrin náà ń jẹ, kò tíì jẹ ẹ́ tán tí mo fi ní kó tẹ àtàǹpàkò.

"O ò bi mí ní nǹkan kan," ló sọ.

"Kí ni mo fẹ́ bi yín, Màmá? Ẹ lọ múra ọ̀nà."

Èmi ni mo gbé ìwé ẹ̀ lọ bá àwọn Faransé ní Èkó, èmi ni mo gbé e bọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí obìnrin náà sójú níbẹ̀. Ọjọ́ tó máa wọ ilẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù, ọkọ̀ Sátidé tó fẹ́ wọ̀ yẹn ló sì kẹ́yìn kí oṣù tó parí. Tí kò bá bá a lọ, fisà ti kú nìyẹn.

Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n mú ẹnì kan tó fẹ́ fi ìwé oníwèé rìnrìn àjò. Òyìnbó wá ń bi kálukú lẹ́nu. Ògbufọ̀ ẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ó kàn gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀ ni.

"Ta ni ò ń lọ bá?"

"Ọkọ mi," ni Ìyá Ráfíù dáhùn.

"Orúkọ ẹ̀?"

"Bàbá Ráfíù."

Òyìnbó wo fọ́ọ̀mù. Kò sí Bàbá Ráfíù níbẹ̀. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nìyẹn.

Mo fò wọlé lábẹ́ okùn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ìwé kẹrin mi ṣàlàyé pé ẹnì kan náà ni. Òyìnbó ní òun ò bá mi wí, ẹnu ẹ̀ lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Mo yíjú sí Ìyá Ráfíù, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Màmá, ẹ pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Dàúdà, ṣé ìyá ẹ máa ń pe bàbá ẹ lórúkọ?"

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi rí.

"Ẹ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Èmi á gbọ́," ló sọ.

Níta, wọ́n ti ń yí ẹ̀rọ ọkọ̀. Ìyá Ráfíù di àpò ẹ̀ mú mọ́ àyà, búrẹ́dì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó ní ọwọ́ òun lòun fi pò ó, kí bàbá ọmọ òun lè mọ iṣẹ́ tóun ń ṣe. Mo rí i pé ó máa padà sílé pẹ̀lú búrẹ́dì yẹn kó tó pe orúkọ yẹn. Èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ká ní mo bi í léèrè lọ́jọ́ kìíní, màá ti mọ̀, à bá ti wá ọ̀nà ẹ̀. Ọ̀nà tó yá ni mo gbà.

Mo sá lọ pe Ọ̀gá Ṣóbándé. Wọn ò sáré, wọn kì í sáré. Wọ́n dé, wọ́n kí òyìnbó, wọ́n kí Ìyá Ráfíù.

"Ẹ ò lè pè é," ni wọ́n sọ fún un, "àmọ́ tẹ́nì kan bá pè é, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n bá òyìnbó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tó bá ń pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ ló yẹ kí wọ́n fura sí. Wọ́n ní kó yan orúkọ bíi mélòó kan fúnra ẹ̀ nínú ìwé àwọn èrò yòókù, kó máa pè wọ́n, kó sì fi tòótọ́ síbi tó bá wù ú. Òyìnbó yẹn wò wọ́n títí. Ọkùnrin kan tó wà lórí ìlà lẹ́yìn sọ fún òyìnbó pé, "Ṣe bó o ti fẹ́ ṣe é jàre, ká lè lọ."

Òyìnbó bẹ̀rẹ̀. "Súmọ́nù." Ìyá Ráfíù dúró bí òpó. "Bẹ̀ló." Kò mira. "Àkànní." Kò mira. Lẹ́yìn náà, ó pe Lásísì Àjàgbé, ó pè é wọ́gọwọ̀gọ, bí ìgbà tí èèyàn ní iyán gbígbóná lẹ́nu.

Ìyá Ráfíù kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì lórí símẹ́ńtì, àpò búrẹ́dì mọ́ àyà. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ti kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Ẹ káàbọ̀," bí ẹni pé ọkùnrin náà ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

Òyìnbó ò bi í ní nǹkan mọ́. Ó mú òǹtẹ̀, ó lù ú.

Nígbà tí Ìyá Ráfíù ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Dàúdà, o ṣé. Àmọ́ máa bi èèyàn léèrè." Ó gun àkàsọ̀ ọkọ̀ láìwẹ̀yìn. Mo dúró sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra, títí tó fi tó ẹyẹ, títí ariwo ẹ̀ fi tán létí mi. Mo ti wo ọkọ̀ tó pọ̀ tó ń lọ. Tọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ọ̀gá Ṣóbándé ò bá mi wí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n kàn gba ìwé oníbàárà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n ní, "Bi í." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi èèyàn nìyẹn. Iṣẹ́ mi fa sẹ́yìn, mo jẹ́wọ́. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tí fọ́ọ̀mù ò gbà. Bàbá àgbà kan ń lọ wo sàréè àbúrò ẹ̀ ní Dàkáà. Mo bi í pé ta ló ń lọ bá, ó ní, "Àbúrò mi." Ó tún fìlà ẹ̀ ṣe kó tó sọ èyí tó kù.

Ọjọ́ tó pé ọgbọ̀n gẹ́lẹ́ ni Ìyá Ráfíù balẹ̀. Mo ti wà níbẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ojú ẹ̀ sì ti jìn.

"Ṣé wọ́n ga, Màmá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kúrú ju bí mo ṣe rántí wọn lọ. Mi ò ní sọ fún Ráfíù."

"Wọn ò bá yín bọ̀?"

"Wọ́n ní ó kù díẹ̀." Ó wo pápá lẹ́yìn ẹ̀. "Àwọn Faransé ka ọjọ́ fún mi bí a ṣe ń ka búrẹ́dì sínú agbọ̀n. Nígbà tó ku méjì, a ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, a kàn ń jókòó ni." Lẹ́yìn náà ló rántí. "Mo ròyìn ẹ fún wọn. Wọ́n ní tó o bá fẹ́ wá wo ìlú, kó o kọ orúkọ àwọn."

"Orúkọ ta ni, Màmá?"

"Dàúdà, mi ò fẹ́ wàhálà ẹ." Ó gbé àpò ẹ̀, ó gba ọ̀nà Agége lọ, sídìí ìyẹ̀fun ẹ̀.

Mo yọ fọ́ọ̀mù mi lábẹ́ àpótí. Mi ò kọ ọ́ fúnra mi. Mo gbé e fún Ọ̀gá Ṣóbándé, wọ́n ní kí n jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n sì bi mí ní gbogbo ìlà, wọ́n ń bi mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. Nígbà tí wọ́n dé ìlà yẹn, wọ́n gbé pẹ́ẹ̀nì dúró.

"Ta ni ẹ̀ ń lọ bá?"

"Lásísì Àjàgbé," ni mo dáhùn.

Ó yá lẹ́nu mi. Kò wúwo rárá. Ọ̀gá Ṣóbándé kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń wò ó, mo ń ronú pé ní gbogbo Àbíjàn, ní gbogbo Èkó, èmi ò tíì ní ẹnì kan tí mi ò lè pe orúkọ ẹ̀.

Wọ́n ti fún mi lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ kẹfà rèé, apá mi ṣì ń yún mi. Ó ku mẹ́rin.