Ṣòkòtò Tó Ń Já Bọ́ Nídìí Télọ̀

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì pàdé télọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, kò sí ṣòkòtò tó há mọ́ ọn nídìí rí. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ máa ń fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú rírán ẹ̀yìn ṣòkòtò, nítorí ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá sanra. Bí ikùn ọkùnrin yìí bá ti yọ síwájú díẹ̀, á jókòó sídìí máṣíìnì, á tú ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, á fẹ̀ ẹ́, á rán an padà, á sì ránṣẹ́ ra ẹran díndín. Ìgbànú ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Òun ò ní ẹni tó máa kìlọ̀ fún un.

Ojú ló já a kulẹ̀. Nǹkan funfun kan bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, títí òwú dúdú àti òwú búlúù fi di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á fi wọ́n gún ara àkísà kan, á tò wọ́n bí àwọ̀ òwú ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí baálé ilé má bàa fi òwú pupa rán aṣọ funfun oníaṣọ.

Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa yanjú ẹ̀, àmọ́ òun ò ní fi abẹ kan ojú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tó báyìí.

"Bàbá, ara yín ti wúwo jù," dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ fi òróró sílẹ̀, ẹ máa rìn láràárọ̀, ẹ má sì fi oògùn yín ṣeré. Tí ẹ bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ara yín ti fúyẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, a máa ṣe ojú yín. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Télọ̀ tí kò ríran, kí ló kù fún un? Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá mọ ìdáhùn rẹ̀, wọn ò bi ara wọn. Nọ́ọ̀sì gbé ọkọ lé òṣùwọ̀n. Ìyàwó náà fi àwàdà gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà kì í ṣe ẹni tín-ín-rín. Nígbà tí wọ́n délé, ó da iyọ̀ inú ike sínú àwo kékeré kan, ó gbé e fún ará ilé kejì.

"Ẹ ò ní dá nìkan jẹ ẹ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ohun tí ẹ bá ń jẹ lèmi náà máa jẹ."

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkùnrin náà ṣe é tọkàntọkàn. Ó wọ bàtà kánfáàsì, ó rìn títí dé òpin àdúgbò, ó padà wá pẹ̀lú òógùn. Ó jẹ ewébẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ó ní ó dùn. Àmọ́ ebi pa á dé ibi tó fi ń lá àlá ẹran. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bó ṣe ń múra àti jáde, ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ó jọ pé ẹ ti fọn díẹ̀."

Kò fọn. Ara rẹ̀ sọ fún un pé kò fọn. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe ń wojú rẹ̀, kò ní ẹnu tó máa fi sọ pé rárá. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ ṣòkòtò, ó ró aṣọ oníaṣọ mọ́dìí, ó tú ojú rírán ẹ̀yìn ṣòkòtò náà, ó fẹ̀ ẹ́ ní ìka méjì, ó sì rán an padà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣòkòtò ń yọ̀ bọ́ nídìí ọ̀gá télọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú, ìyàwó rẹ̀ sì kúnlẹ̀ láàárín yàrá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ọkùnrin tó ti rí irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà lórí ìka méjì, báwo ló ṣe máa dúró? Ó tún tú òmíràn. Nígbà tí aṣọ inú ojú rírán tán, ó fi àlẹ̀mọ́ sí i.

Rírìn wá di ìtàn. Ó ń wọ kánfáàsì jáde lóòótọ́, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ tààrà, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, á jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín, á bu omi sí àyà kí aṣọ rẹ̀ lè rin bíi ti ẹni tó làágùn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ṣe é. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kì í bá a níbẹ̀. Ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn tí òun ń lò máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, pé kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ mú bùbá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ bá mi gbà á wọlé díẹ̀. Ó ti ń ṣí lára mi."

Ó na téèpù yí i ká. Ojú rẹ̀ ò rí nọ́ńbà, ó ń fi ọwọ́ wá a, ọwọ́ náà sì kan egungun ìhà ìyàwó rẹ̀ níbi tí ẹran wà tẹ́lẹ̀. Ojú tì í dé ọkàn. Ọjọ́ náà ló yẹ kó sọ̀rọ̀, ó mọ̀, kódà ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Gbé apá sókè." Lórí tábìlì kan náà ló ti gba aṣọ ìyàwó wọlé, tó sì ti tú ṣòkòtò tirẹ̀ síta.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti ọ̀gá télọ̀ ò tó ogún ọdún, oṣù mẹ́ta péré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ọsibítù, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó jókòó sílé, pé oòrùn máa mú.

"Kí n jókòó sílé kẹ̀? Níṣojú mi ni wọ́n máa sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló gbà wọ́n lálejò. Ọkùnrin náà gun òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó tún gùn ún. Ó gùn ún. Nọ́ọ̀sì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti lé sí i. Àbí nǹkan yìí ti bàjẹ́ ni? Ìyá, ẹ bá mi gùn ún ká wò ó."

Ìyàwó gùn ún. Òṣùwọ̀n ò bàjẹ́, obìnrin náà ló ti fọn gan-an ju ti ọjọ́sí lọ. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó fọwọ́ lé e léjìká jẹ́jẹ́. "Ìyá, kí ló ń ṣe yín? Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá," obìnrin náà dáhùn. "Oúnjẹ tí ẹ ní kó máa jẹ ni mo ń bá a jẹ."

 Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ìbàdí ṣòkòtò náà, ó sì ń fi ìka tọ ojú rírán lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti gbé pẹ̀lú télọ̀ láti ìgbà èwe. Ó kan òwú tuntun. Ó kan àlẹ̀mọ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ara aṣọ rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ọkùnrin yẹn á wọlé láìdágbére. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí, ó sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Ẹsẹ̀ ni ìyàwó fi rìn padà sílé. Ọkọ tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lójú àtisọ pé kó dúró de òun. Tí wọ́n bá ti dé títì, obìnrin náà á na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojúwẹ̀yìn, á fà á sọdá, á sì jọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lálẹ́, ó gbé àwo ewébẹ̀ síwájú ọkọ, àwo kan ṣoṣo.

"Ìwọ ńkọ́?" ọkùnrin náà bi í.

"Mo ti jẹ tèmi fún oṣù mẹ́ta," ó dáhùn. "Tiyín ló kù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá télọ̀ jáde, ó rìn lóòótọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yin ni ìyàwó mi fi ń bú mi. Ó ní kí n wo bí ẹ ṣe fọn."

"Irọ́ ni," télọ̀ sọ fún un. "Ṣòkòtò ni mo ń tú. Mo sanra ju bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Télọ̀ kọjá lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ kiri nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá yìn ín, títí tí kò fi sí ẹni tó ń yìn ín mọ́. Ó ń rìn, ó ń jẹ oúnjẹ aláìníyọ̀, òun nìkan nídìí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kí i, ó ń dá a lóhùn. Kò bú u rí. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tù ú.

Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà tún dá pé, kò pe ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà kò sì béèrè. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara ti fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, dókítà sì mú ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, wọ́n ní mo ti fọn. Wọ́n máa ṣe ojú mi."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n yín?"

"Nọ́ọ̀sì."

"Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan."

"Ó dáa," ó ní, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀wà rẹ̀.

Inú kò bí ọkùnrin náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ra ohun tó rí yìí. Ó ti dàgbà tó báyìí, ó sọ òtítọ́ nínú ilé ara rẹ̀, kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dìde, ká jọ padà lọ. Kí wọ́n wọ̀n mí níṣojú rẹ."

"Oòrùn ti mú. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Ó jókòó tì í, ó fa apá kan atẹ́ náà sọ́dọ̀, ó sì ń bá a ṣa ẹ̀wà. Kò rí òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá ti ṣà tán, ìyàwó rẹ̀ á fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì tún un ṣà.