Torí pé wọn ò la àyà bàbá mi

Mo pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ṣàgámù lónìí, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì.

Bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde wú níbi tí wọ́n ti rán an. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn dókítà ò la àyà. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ní ìdí itan, wọ́n sì gba inú rẹ̀ fi aṣọ pàtàkì kan tẹ́ inú iṣan náà, kó má baà bẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá ti ilé ìwòsàn dé. Láàárọ̀ yìí, Alájì, ẹ̀gbọ́n wọn, wo ojú ọgbẹ́ tó wà ní ìdí itan Bàbá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí ò ju ẹyọ obì kan lọ! Ṣé àìsàn nìyí? Dìde, gbé apẹ̀rẹ̀ obì yẹn sínú ọkọ̀."

Ojú ti Bàbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n di apẹ̀rẹ̀ mú.

Mo fò dìde. "Bàbá, ẹ má gbé e! Alájì, ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

Alájì ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

Màmá mi ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ Alájì. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi: kí ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún?