Ọwọ́ Òsì Bàbá Bésíbọ́ọ̀lù

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé bàbá tí mo fẹ́ máa tọ́jú ní Parma, ní Italy, ọwọ́ òsì ló fi na kọ́kọ́rọ́ ilé sí mi. Mi ò gbà á. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, tí mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ni òyìnbó kan fẹ́ fi òsì na nǹkan sí! Ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1990 nìyẹn, permesso mi, ìwé ìgbélùú mi, ti fẹ́ parí, iṣẹ́ badante, ìyẹn títọ́jú arúgbó, nìkan ni mo sì rí. Ọlọ́pàá bà mí lẹ́rù débi pé bí mo bá rí ẹni tó ń pín lẹ́tà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà.

"Nigeria, prendi!" Gbà á, ló wí. Orúkọ tó fún mi nìyẹn, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ru gbogbo orílẹ̀-èdè náà sórí.

Mo fi èdè Italy mi tó ń tiro sọ fún un pé, "Bàbá, nílé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ fi ọ̀tún fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àmọ́ ó gbé e sí ọ̀tún, láti ọjọ́ náà ọ̀tún ló sì ń lò fún mi: iyọ̀, kọfí, ìwé ìròyìn. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti sọ fún mi pé rọpárọsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló mú òsì náà, pé kó máa lò ó lójoojúmọ́ kó má baà gan. Mo gbọ́. Etí mi ò di, orí mi ló le.

Àwòrán kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ òsì sókè, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ń fi igi gbá a, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tòmátò tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wò wọ́n, ó fi kọ́ọ̀kì ìdérí ìgò àti ìbọ̀sẹ̀ ṣe bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Nígbà tó di pé ìlú ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọdé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ń se tòmátò láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, ó ń ju bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́ Ìsinmi, títí èjìká rẹ̀ fi ya. Àwọn olórí ẹgbẹ́ ní kó ṣáà máa jù ú. Ó jù ú. Nígbà tí kò lè jù ú mọ́, wọn ò wá kí i rí.

Lọ́dún tí mo dé yẹn, lẹ́tà ẹgbẹ́ náà dé: wọ́n fẹ́ kó wá ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbi ìdíje tuntun. Bàbá gbé bọ́ọ̀lù àtijọ́ jáde, a lọ sẹ́yìn ilé, ó fi òsì jù ú. Bọ́ọ̀lù já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó rà. Ọwọ́ rẹ̀ tí mo ti jẹ́ kó gan ló ń wò, kò wo èmi. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pariwo: "Òsì, Bàbá! Ẹ fi òsì fún mi!" Kọ́kọ́rọ́, òsì. Iyọ̀, òsì. Lọ́sàn-án, ó ń ju bọ́ọ̀lù, èmi ń gbà á. Ẹ̀rù bọ́ọ̀lù náà bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń di ojú. Ó gbá mi nímú lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọ̀gá ẹgbẹ́ kan tó so táì wá bá wa, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti dàgbà jù. Kó jókòó, kó juwọ́ sí wọn. Ẹni tó ra aṣọ fún ẹgbẹ́ ni yóò jù ú."

Ọlọ́pàá méjì wà lẹ́nu géètì. Mo rí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣáájú mi jáde:

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ìlú yín ní eré yìí? Táì ọrùn rẹ ni?"

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan, ìbínú inú ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́, ó sì yà fún wa. Mo di apá bàbá mú, a wọ pápá. Ọlọ́pàá kan gbẹ́sẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. Ó kàn fẹ́ kúrò lóòrùn ni.

Mo lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán láti gbà á, bàbá jù ú. Bọ́ọ̀lù náà ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò di ojú. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, bí a ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Àwọn èèyàn rò pé mo ṣubú ni. Wọn ò kúkú parọ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, àwòrán ẹni tó ra aṣọ ló wà nínú ìwé ìròyìn, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, eyín síta, bí ẹni pé òun ló jù ú. Mo fẹ́ fà á ya.

"Má fà á ya, Nigeria," ni bàbá wí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bó ànàmọ́ sí i lójú. Ó wá fi òsì na ọ̀bẹ sí mi pé kí n bó ìyókù. Mo fi ọwọ́ méjì gbà á. Àwòrán yẹn ṣì ń bí mi nínú títí di òní.